Àwọn Tó Ṣà Á: Ìtàn Ẹja Góòlù

Ẹja tí a ń pè ní ẹja góòlù kò sí nínú odò kankan kí ọmọ ènìyàn tó fọwọ́ kàn án. Baba ńlá rẹ̀ ló wà níbẹ̀: ẹja pẹlẹbẹ kan báyìí, aláwọ̀ eérú, tí àwọn ará Ṣáínà ti ń pa jẹ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Bí ẹ bá bá a lórí igbá ẹlẹ́ja, ẹ kò ní bojú wẹ̀yìn wò ó. Inú ẹja ọbẹ̀ yìí ni pupa ti jáde, tí funfun ti jáde, tí onírù méjì, olójú yíyọ àti olórí wíwú ti jáde, láàárín nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún. Mo ń sìn ín lẹ́yìn ilé mi n'Íbàdàn láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ sáyẹ́ǹsì. Ìbéèrè tí àwọn aládùúgbò máa ń bi mí jù ni pé, "Tíṣà, ṣé wọ́n máa ń jẹ eléyìí ni?" Mo máa ń dá wọn lóhùn pé wọ́n ti jẹ ẹ́ rí. Ọjọ́ tí ẹnìkan kọ̀ láti jẹ ẹ́ ni ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ìwé àtijọ́ ilẹ̀ Ṣáínà ti mẹ́nu ba ẹja tí ìpẹ́ rẹ̀ pupa láti ayé ìdílé ọba Jin, tí wọ́n wà lórí oyè láàárín ọdún 265 sí 420. Pupa yẹn kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Aró dúdú àti aró pupa ló jọ wà lára ẹja náà. Bí àbùdá ọ̀kan bá ṣèèṣì yí, tí dúdú kò dúró lára rẹ̀ mọ́, pupa á bọ́ sí gbangba. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kì í sì í ṣe oríire fún ẹja tó bá ṣẹlẹ̀ sí. Odò kì í bo ẹja tó bá pupa láṣìírí. Ẹyẹ apẹja ni yóò kọ́kọ́ rí i.

Ẹ̀sìn ló gbà á sílẹ̀. Àwọn ẹlẹ́sìn Búdà gbà pé ẹni tó bá dá ẹ̀mí sí, ire ló ń kó jọ fún ara rẹ̀. Wọ́n a lọ sọ́jà, wọ́n a ra ẹja tó ṣì ń mí lọ́wọ́ ẹlẹ́ja, wọ́n a gbé e lọ sínú adágún tí wọ́n gbẹ́ sí àyíká tẹ́ḿpìlì. Ẹ fojú inú wo ẹni tó dúró nídìí agbada ẹlẹ́ja, tó fẹ́ ṣàánú. Bí ẹja eérú bá kún agbada náà, tí ẹyọ kan sì pupa fòò láàárín wọn, èwo ni yóò nawọ́ sí? Bí ọdún ti ń gorí ọdún, àwọn ẹja àrà ọ̀tọ̀ kóra jọ sójú kan, wọ́n ń gùn láàárín ara wọn, wọ́n ń bí irú ara wọn. Kò sẹ́ni tó pète rẹ̀, ṣùgbọ́n àánú ti ń di iṣẹ́ ọ̀sìn.

Ní ìlú Jiaxing, nígbà tí Ding Yanzan ń ṣe olórí agbègbè náà láàárín ọdún 968 sí 975, wọ́n rí ẹja aláwọ̀ góòlù nínú adágún kan lẹ́yìn ìlú, adágún náà sì padà di ibi tí a ti ń dá ẹja sílẹ̀. Ní Hangzhou tí kò jìnnà síbẹ̀, irú wọn wà nínú adágún ẹ̀yìn ilé gogoro Liuhe. Su Dongpo, akéwì tó tún ṣe iṣẹ́ ọba ní Hangzhou, sọ nínú ewì rẹ̀ pé òun padà lọ sí Nanping, níbi tí tẹ́ḿpìlì kan wà, òun sì fọ́n oúnjẹ tó ṣẹ́ kù fún àwọn ẹja góòlù tí òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún mẹ́sàn-án ọdún báyìí. Ẹja tí ènìyàn ti mọ̀, tó tún ń padà lọ bẹ̀ wò, ó ti kúrò ní ẹja ọbẹ̀.

Nígbà tí àwọn jagunjagun àríwá gba olú-ìlú lọ́wọ́ ìdílé ọba Song tó ń jọba Ṣáínà nígbà náà, àwọn ọba náà sá wá sí gúúsù, wọ́n sì fi Hangzhou ṣe olú-ìlú ní ọdún 1138. Báyìí ni ọba ṣe wá bá ẹja náà nílé. Ní ọdún 1162, Ọba Gaozong fi oyè sílẹ̀ fún ọmọ tó gbà tọ́, ó kó lọ sí ààfin Deshou, wọ́n sì ṣe adágún ẹja góòlù síbẹ̀ fún un. Ohun tí ọba bá fẹ́ràn, ìjòyè kò ní ṣàìfẹ́ràn rẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn ọlọ́lá fi ń gbẹ́ òkúta ṣe adágún kékeré sábẹ́ ọ̀ọ̀dẹ̀ àti sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kí wọ́n lè máa wo ẹja láti inú ilé. Iṣẹ́ tuntun sì dé sígboro: iṣẹ́ ẹni tó ń fi ẹja góòlù jẹun, tí kì í ṣe pé ó ń jẹ ẹja náà.

Yue Ke ló jẹ́ kí á mọ̀ nípa wọn. Ọmọ ọmọ ọ̀gágun Yue Fei ni, ẹni tí gbogbo Ṣáínà ń bu ọlá fún títí dòní. Nínú ìwé rẹ̀ tó ń jẹ́ Tingshi, tó kọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàlá, ó ní àwọn kan wà ní olú-ìlú tó mọ bí a ti ń sọ ẹja di aláwọ̀ góòlù, ṣùgbọ́n bí a bá bi wọ́n léèrè, wọn kì í sọ àṣírí rẹ̀. Àhesọ tó gbọ́ ni pé kòkòrò pupa kéékèèké inú gọ́tà ìlú ni wọ́n fi ń bọ́ ẹja náà. Wọ́n ní tó bá ti tó ọgọ́rùn-ún ọjọ́, ẹja á kọ́kọ́ funfun bíi fàdákà, á wá pupa rúsúrúsú díẹ̀díẹ̀, bí ó bá sì pẹ́ sí i, á di góòlù.

Ẹni tó bá ti sin ẹja yìí rí mọ ohun tí wọ́n rí tí wọ́n fi ń sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ ẹja góòlù kì í gbé pupa jáde láti inú ẹyin. Aláwọ̀ eérú ni, bíi ti baba ńlá rẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan tàbí oṣù mélòó kan, kí aró dúdú tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kúrò lára rẹ̀. Oúnjẹ a máa mú kí pupa náà jinlẹ̀ sí i, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n oúnjẹ kò lè fi pupa sára ọmọ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ kò ní in nínú ẹ̀jẹ̀. Àṣírí àwọn ará Hangzhou kò sí nínú gọ́tà. Inú ìkòkò òbí tí wọ́n yà sọ́tọ̀ ló wà, yálà wọ́n mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀ tàbí wọn kò mọ̀ ọ́n.

Ìtàn kan tún wà nínú ìwé yẹn tí n kì í lè gbé kúrò lọ́kàn. Ọ̀gágun kan wà tó ń jẹ́ Wu Xi, tó padà di ọ̀dàlẹ̀ sí ọba Song. Nígbà tó ń padà lọ sí ilẹ̀ Shu, tí à ń pè ní Sichuan lónìí, ó pọn omi adágún Hangzhou sínú ọkọ̀ ńlá mẹ́ta, ó kó ẹja góòlù sínú wọn, wọ́n sì ń tẹ̀ lé e lọ. Yue Ke ní àwọn ará Hangzhou nìkan ló mọ bí a ti ń bọ́ ẹja náà, nítorí náà Wu Xi kó àwọn náà mọ́ ẹrù. Wọ́n pa Wu Xi ní ọdún 1207 nítorí ọ̀tẹ̀ tó dì, orúkọ rẹ̀ sì wà nínú ìwé ìtàn. Àwọn tó tọ́jú ẹja nínú ọkọ̀ mẹ́ta wọ̀nyẹn, láti Hangzhou títí dé Sichuan, kò sẹ́ni tó kọ orúkọ tiwọn. Ìtàn àwọn gan-an ni mo ń sọ.

Fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, inú adágún ni ẹja góòlù ń gbé. Adágún dára fún ẹja, ṣùgbọ́n kò dára fún ẹni tó fẹ́ ṣà á. Akọ tó wu akọ ló ń lé abo tó wu abo. Ọmọ tí ìrù rẹ̀ bá wọ́, tí kò lè sáré, ebi á ti pa á kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ó wáyé. Ayé àwọn ọba Ming, láàárín ọdún 1368 sí 1644, ni àṣà wá tàn kálẹ̀ láti máa sìn ín nínú odù amọ̀ ńlá ní àgbàlá ilé. Lójú mi, kò sí ohun tó yí ẹja yìí padà tó odù. Odù kì í gba ẹja púpọ̀, nítorí náà ẹni tó ni ín gbọ́dọ̀ pinnu èyí tí yóò gbé níbẹ̀. Nínú odù, a lè ya akọ yìí sọ́tọ̀ fún abo yìí. A lè gba ọ̀lẹ lọ́wọ́ alágbára nídìí oúnjẹ. Ẹni tó bá sì dúró ti odù, àtòkèwá ló ń wo ẹja: ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń rí, àti bí ìrù ṣe tẹ́, àti bí ojú ṣe yọ síta lọ́tùn-ún lósì. Ìdí nìyí tí àwọn ẹ̀yà àtijọ́ fi jẹ́ pé bí ẹ bá wò wọ́n láti ẹ̀gbẹ́ gílásì, ẹ kò tíì rí ẹwà tí wọ́n torí rẹ̀ ṣà wọ́n.

Ní ọdún 1596, ìwé ńlá Li Shizhen lórí ewé àti egbò jáde ní Nanjing. Ó sọ níbẹ̀ pé láti ayé Song ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í sin ẹja góòlù, pé ní ìgbà tòun, kò sí ibi tí àwọn ènìyàn kò ti ń sìn ín nílé fún ìgbádùn. Ohun ọba ti di ohun gbogbo ìlú. Ọdún kan náà yẹn ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò ju ọmọ ogún ọdún lọ, Zhang Qiande, parí ìwé kékeré kan tó pè ní Zhu Sha Yu Pu, ìwé nípa ẹja pupa inú odù. Ìwé tí ọlọ́sìn kọ fún ọlọ́sìn ni. Ó sọ irú omi tó yẹ, ìgbà tó yẹ kí á pààrọ̀ rẹ̀, àti oúnjẹ. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì jù: ra ọ̀pọ̀ ọmọ ẹja lọ́jà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, pín wọn sínú ọ̀pọ̀ odù, kí o sì máa yọ èyí tí kò dára kúrò lójoojúmọ́, títí yóò fi ku ẹyọ kan tàbí méjì nínú ọgọ́rùn-ún. Ó ní bí o bá ṣe é bẹ́ẹ̀, àrà tí o ń wá yóò wá bá ọ.

Mo ti ka ọ̀rọ̀ yẹn sétígbọ̀ọ́ àwọn ọmọ tí mo kọ́ níléèwé, tí wọ́n ti di ọlọ́sìn àrọ̀ báyìí. Ó ya wọ́n lẹ́nu. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Tíṣà, ẹni tó bá yọ méjìdínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún kò fẹ́ jèrè nìyẹn." Mo bi í pé báwo ni ìyá rẹ̀ ṣe ń yan irúgbìn àgbàdo. Ó ní èyí tó dára jù lóko ni wọ́n ń so mọ́ òkè ààrò, kí èéfín máa fẹ́ ẹ títí òjò yóò fi dé. Àwọn yòókù ni wọ́n ń jẹ. Mo ní ohun tí ọmọkùnrin ará Ṣáínà yẹn ń sọ nìyẹn. Ọ̀kan tàbí méjì yẹn kì í ṣe èrè ọdún yìí. Òbí ọdún tó ń bọ̀ ni.

Ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ti jẹ́ kí á mọ bí iṣẹ́ àwọn ọlọ́sìn àtijọ́ wọ̀nyí ṣe jinlẹ̀ tó. Ẹ wo ẹja góòlù onírù méjì. Ẹranko tàbí ẹja tó ní egungun ẹ̀yìn, tó wá ní lẹbẹ ìrù méjì tó jọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó ṣọ̀wọ́n gidigidi láyé. Ní ọdún 2014, àwọn onímọ̀ tí Gembu Abe àti Kinya Ota wà lára wọn fi hàn pé ìyípadà kan ṣoṣo nínú jíìnì tí wọ́n ń pè ní chordin ló fà á. Bí jíìnì yẹn bá bàjẹ́ nínú ẹja mìíràn, ẹja náà sábà máa ń kú ní kékeré. Ṣùgbọ́n àbùdá àwọn baba ńlá ẹja góòlù ti di ìlọ́po méjì láti ayé ìgbà pípẹ́ sẹ́yìn, nítorí náà ẹ̀dà méjì ni ẹja góòlù ní: ọ̀kan bàjẹ́, ìrù pín sí méjì, èkejì dúró, ẹja náà sì yè. Ó yè, ṣùgbọ́n kò lè sáré. Ká ní odò ló wà ni, ìtàn rẹ̀ ì bá parí níbẹ̀. Ẹnìkan ní ayé Ming, tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ jíìnì, wo ọmọ ẹja tí ìrù rẹ̀ ṣe bákan, ó sì dá a sí. Ṣáájú ìwádìí ọdún 2014 yẹn, ní ọdún 1928, Chen Zhen, onímọ̀ ọmọ Ṣáínà, ti fi ẹja góòlù ṣe ìwádìí lórí ìpẹ́ tó mọ́ gaara bíi gílásì àti àwọ̀ alámì, ó sì fi hàn pé òfin àjogúnbá tí Mendel rí lára ẹ̀wà ló ń darí ẹja náà pẹ̀lú.

Jàpáànù ni ẹja náà tún rí ilé sí. Gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ wọn, ọdún 1502 ló gúnlẹ̀ sí èbúté Sakai láti Ṣáínà. Ọwọ́ àwọn ọlọ́rọ̀ ló kọ́kọ́ wà. Nínú ìwé Ihara Saikaku tó jáde ní ọdún 1693, ẹja góòlù ṣì wọ́n bí ojú. Ọkùnrin kan wà nínú ìtàn náà tó ti lówó rí, tó ti náwó rẹ̀ tán, tó wá ń kó tanwíjí láti inú omi ìdọ̀tí, tó ń tà á fún ẹni tó ń sin ẹja góòlù kí ó tó rí oúnjẹ òòjọ́. Ní ọdún 1748 ni Adachi Yoshiyuki kọ Kingyo Sodategusa, ìwé tó kọ́ ará ilé lásán bí a ti ń yan ẹja rere, bí a ti ń bọ́ ọ, bí a ti ń mú kí ó yé, àti bí a ti ń tọ́jú rẹ̀ bí ara rẹ̀ kò bá yá. Láti ìgbà náà lọ, ìmọ̀ yìí kò sí lọ́wọ́ ọlọ́rọ̀ nìkan mọ́.

Ìlú tí orúkọ rẹ̀ so mọ́ ẹja góòlù jù ní Jàpáànù ni Yamatokoriyama, nítòsí Nara. Wọ́n ní ọdún 1724 ni ẹja náà dé ibẹ̀, nígbà tí wọ́n gbé olóyè Yanagisawa Yoshisato kúrò ní ilẹ̀ Kai lọ jẹ oyè níbẹ̀, tí ọ̀kan nínú àwọn ènìyàn rẹ̀ sì gbé ẹja rẹ̀ dání. Àwọn samurai tí ipò wọn kò ga, tí ìrẹsì tí olóyè ń fún wọn kò tó jẹ, bẹ̀rẹ̀ sí í sin ẹja góòlù láti fi kún owó ilé. Nígbà tí ìjọba tuntun fagi lé ilẹ̀ olóyè ní ọdún 1871, ìrẹsì náà dáwọ́ dúró. Ẹni tó ti ń fi idà jẹun láti ìran dé ìran bá ara rẹ̀ lófo. Ní Yamatokoriyama, ẹja tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ òsì ṣe di iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀tún. Ilẹ̀ náà sì gbà wọ́n: adágún tí àgbẹ̀ gbẹ́ láti bomi rin oko ìrẹsì pọ̀ níbẹ̀, kòkòrò omi kéékèèké tó dára fún ọmọ ẹja sì kún inú wọn. Títí dòní ni wọ́n ń sin ẹja góòlù ní ìlú náà, àtọdún 1995 ni wọ́n sì ti ń ṣe ìdíje gbogbo Jàpáànù lórí fífi àwọ̀n pélébé bu ẹja góòlù níbẹ̀.

Agbègbè kọ̀ọ̀kan ní Jàpáànù ṣa ẹ̀yà tirẹ̀. Ní Tokyo, nǹkan bí ọdún 1900, Akiyama Kichigoro da ẹ̀yà pọ̀ mọ́ ẹ̀yà títí ó fi rí shubunkin, ẹja aláwọ̀ púpọ̀ tí àwọ̀ búlúù wà lára rẹ̀. Ní ilẹ̀ Tosa, tó ń jẹ́ Kochi báyìí, wọ́n ṣa tosakin, ẹja tí etí ìrù rẹ̀ yí padà síwájú, tí kò lè gbé inú omi jíjìn. Ní ọdún 1945, bọ́ǹbù jó ìlú Kochi. Ní ọdún 1946, ilẹ̀ mì tìtì, omi òkun sì ya wọ̀lú. Àwọn ọlọ́sìn ibẹ̀ máa ń sọ pé nígbà tí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀, ẹja mẹ́fà péré ni ẹnìkan rí níbi ìtajà oúnjẹ kan, pé inú mẹ́fà yẹn ni tosakin òde òní ti wá. Ìtàn yìí máa ń bà mí lẹ́rù. Iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀pọ̀ ìran kù sínú agbada kan ṣoṣo, ó sì rí ẹni tó mọ iyì rẹ̀.

Ilẹ̀ Yúróòpù gbà á lọ́nà mìíràn. Láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, ẹja góòlù ti di ohun ọ̀ṣọ́ nílé àwọn ọlọ́lá Lọ́ńdọ̀nù àti Paris. Ológbò Horace Walpole, òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì kan, kú sínú àwo ẹja góòlù ní ọdún 1747, akéwì Thomas Gray sì kọ ewì lé e lórí. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Linnaeus fún ẹja náà ní orúkọ sáyẹ́ǹsì ní ọdún 1758. Ní ọdún 1780, Billardon de Sauvigny tẹ ìwé jáde ní Paris pẹ̀lú àwòrán aláwọ̀ nípa rẹ̀. Lọ́dún 1868, Darwin fi ẹja góòlù kún ẹ̀rí rẹ̀ lórí ohun tí ọwọ́ ènìyàn tó ń ṣà lè sọ ẹ̀dá dà, ó sì dárúkọ àwọn ará Ṣáínà nínú iṣẹ́ náà. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀gá ọmọ-ogun ojú omi Daniel Ammen gbé díẹ̀ wá láti Jàpáànù ní ọdún 1878; ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ẹja sìn wọ́n ní Washington, ó sì ń pín ọmọ wọn fún ará ìlú lọ́fẹ̀ẹ́. Ibẹ̀ ni ẹja náà ti wá di ohun pọ́ọ́kú, tí wọ́n ń fi fún ọmọdé nínú ọ̀rá lóde ìṣeré. Ó dùn mí pé ibi tó ti pọ̀ jù ni wọ́n ti gbàgbé iṣẹ́ tó wà lára rẹ̀ jù.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò yí padà púpọ̀. Àwọn ọlọ́sìn àrọ̀ nílé wa máa ń gún abo lábẹ́rẹ́, wọ́n á tẹ ẹyin jáde, wọ́n á pa akọ kí wọ́n tó rí àtọ̀ rẹ̀. Ẹja góòlù kò ní gbogbo ìyọnu yẹn. Bí àkókò bá tó, àmì funfun wínníwínní á yọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ akọ, á bẹ̀rẹ̀ sí í lé abo ní kùtùkùtù, á máa fi orí gbá a níkùn. Mo máa ń fi ojúoró sójú omi, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ gùn, ó sì pọ̀. Ara rẹ̀ ni ẹyin máa ń lẹ̀ mọ́, ọgọ́rọ̀ọ̀rún lẹ́ẹ̀kan náà. Kíá ni mo máa ń gbé ojúoró náà lọ sínú agbada mìíràn, nítorí bàbá àti ìyá kì í mọ ẹyin wọn yàtọ̀ sí oúnjẹ. Ẹyin á pa láàárín ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún. Fún ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ohun tó kù nínú àpò ẹyin ni ọmọ á máa jẹ, yóò fara mọ́ ẹ̀gbẹ́ agbada bí fọ́nrán òwú. Lẹ́yìn náà omi tó ti di aláwọ̀ ewé ni mo ń dà fún wọn, nítorí ohun ẹlẹ́mìí tí ojú kò lè rí ló kún inú rẹ̀. Bí wọ́n bá dàgbà díẹ̀, wọ́n á máa jẹ tanwíjí. Ìdí nìyẹn tí inú àwọn ará àdúgbò fi dùn sí mi: tanwíjí tó bá wọ ikùn ẹja kò ní di ẹ̀fọn mọ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, ìrù á fojú hàn, ṣíṣà á sì bẹ̀rẹ̀. Mo máa ń bu wọ́n sínú bésìnnì funfun, mo ń wò wọ́n láti òkè bí àwọn ará Ming ṣe ń ṣe. Èyí tí ìrù rẹ̀ pín dọ́gba ń lọ sápá kan. Èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ wọ́ ń lọ sápá kejì. Àwọn tí n kò yàn ń lọ sínú táǹkì ńlá, àwọn ọmọ àdúgbò sì máa ń wá gbà wọ́n. Odò nìkan ni n kì í gbà kí ẹnikẹ́ni dà wọ́n sí. Ìdí méjì ni. Àkọ́kọ́, ẹja góòlù a máa ba ibùgbé ẹja mìíràn jẹ́. Ó ń hú ilẹ̀ abẹ́ omi, ó ń da omi rú, ìyọnu rẹ̀ sì ti dé adágún púpọ̀ ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Èkejì ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹja náà fúnra rẹ̀. Nínú odò, láàárín ìran mélòó kan, àwọn aláwọ̀ eérú ló máa ń pọ̀ jù nínú ọmọ wọn. Ẹyẹ náà ń ṣà tirẹ̀, pupa ló sì ń kó. Ohun tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún kó jọ, ìwọ̀nba ọdún díẹ̀ láìsí ẹni tó ń ṣà á tó láti tú u ká.

Nítorí náà, n kò gbà pẹ̀lú ẹni tó bá ń sọ pé àwọn ará àtijọ́ ti dá ẹja góòlù tán, pé kí á kàn máa tà á. Ohun tó parí kọ́ ni. Ọdọọdún ni a ń dá a, ọdún tí ọwọ́ bá sì dúró ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í padà sí eérú. Ẹ sì wò ó dáadáa, ohun méjì ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀kan ni ọwọ́ tó ń ṣà, láti ìdí odù ní Ṣáínà títí dé oko ìrẹsì Yamatokoriyama. Èkejì ni àwọn tí kò fi ọgbọ́n rẹ̀ pamọ́. Àwọn ọlọ́sìn Hangzhou tí Yue Ke bi léèrè di ẹnu wọn, a kò sì mọ ọ̀kan nínú wọn. Zhang Qiande kọ tirẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún. Adachi kọ tirẹ̀ ní 1748. Ìwé mìíràn tún jáde ní Ṣáínà ní 1848, tó sọ ọ́ ní tààrà pé kí á wá akọ rere, kí àwọ̀, ẹ̀yà àti ìwọ̀n rẹ̀ sì bá ti abo mu. Títí dòní, ẹni tó bá tẹ̀ lé ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò ní ṣìnà.

Ohun tí mo ń sọ fún àwọn ọmọ tí mo kọ́ náà nìyẹn, ìbáà jẹ́ àrọ̀, ìbáà jẹ́ epíyà, ìbáà jẹ́ ẹja góòlù ni wọ́n ń sìn: kọ orúkọ òbí sílẹ̀, kọ ọjọ́ tí wọ́n yé sílẹ̀, kọ èyí tí o yàn sílẹ̀ àti ìdí tí o fi yàn án. Mo ní ìwé àjákọ mẹ́ta tó ti kún báyìí. Ọmọ ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi kọ èyí tí a wà lórí rẹ̀, orúkọ rẹ̀ sì wà ní ojú ewé àkọ́kọ́ pẹ̀lú tèmi, nítorí òun náà wà lára àwọn tó ń ṣà á.